Dókítà ni àbí máníjà: Ta ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá ọsibítù?

Ní ọdún 1983, ìjọba Margaret Thatcher nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ké sí oníṣòwò kan pé kó wá bá òun wo bí wọ́n ṣe ń darí àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba. Roy Griffiths lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà Sainsbury's ni, iléeṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ àti èlò inú ilé káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó wo bí owó àti òṣìṣẹ́ ṣe ń lọ nínú àwọn ọsibítù náà, kó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí.

Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn. Láti ọdún 1974, ìgbìmọ̀ ló ń darí àwọn ilé-ìwòsàn yìí. Dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, akápò wà níbẹ̀, alákòóso náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí ohunkóhun tó lè lọ. Bí ẹnì kan bá ti kọ̀, ọ̀rọ̀ dúró nìyẹn. Nínú àbọ̀ tí Griffiths jẹ́ fún ìjọba lóṣù kẹwàá ọdún náà, ó ní bí Florence Nightingale, ẹni tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ìyá wọn, bá tún gbé àtùpà rẹ̀ wọ inú ọsibítù, ẹni tí yóò máa fi àtùpà náà wá kiri ni ẹni tí iṣẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ó dábàá pé kí wọ́n fi ọ̀gá kan ṣoṣo sí ibi kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n máa bi léèrè bí nǹkan bá dára tàbí tó bá bàjẹ́. Ìjọba gbà á wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀. Ní ọdún 1986, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná owó lórí ìpolówó nínú ìwé ìròyìn láti fi takò ó. Ìbéèrè wọn rọrùn: ẹni tí kò tọ́jú aláìsàn rí, báwo ló ṣe máa ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn? Àríyànjiyàn yẹn kò tíì tán títí di òní, àmọ́ àwọn olùwádìí ti fi ojú ìmọ̀ wò ó, a sì ti rí àwọn ìdáhùn kan dì mú.

Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké lè máa sọ pé kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ọsibítù ńláńlá. Ó kàn yín gan-an. Ẹni tó bá ní ilé búrẹ́dì, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ilé ìtajà oògùn tàbí ilé-ìwòsàn kékeré, yóò dé ibi tí kò ti ní lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe mọ́. Yóò ní láti fi ẹnì kan ṣe olórí. Ṣé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ jù lọ ni, àbí ẹni tó mọ ìwé owó? Ìdí tí ẹ̀kọ́ àwọn ọsibítù fi yẹ fún wa ni pé níbẹ̀, bí ọ̀gá bá ṣe àṣìṣe, kì í ṣe owó nìkan ló ń lọ, ẹ̀mí èèyàn ń bá a lọ.

Ohun tí ìwádìí ọdún 2011 fi hàn

Ìwádìí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí Amanda Goodall, onímọ̀ nípa ìdarí iléeṣẹ́, gbé jáde ní ọdún 2011. Ìwé ìròyìn kan wà ní Amẹ́ríkà, U.S. News & World Report, tó máa ń to àwọn ọsibítù tó dára jù lọ lẹ́sẹẹsẹ, tó sì máa ń fún wọn ní máàkì. Goodall mú àkọsílẹ̀ ọdún 2009, ó wo àwọn 100 tó wà lókè nínú ẹ̀ka mẹ́ta: ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, ìtọ́jú àrùn inú àti ìfun, àti ìtọ́jú àrùn ọkàn. Lẹ́yìn náà, ó wá ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọsibítù kọ̀ọ̀kan, ó wò ó bóyá dókítà ni tàbí òun kọ́.

Nínú ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, máàkì àwọn ọsibítù tí dókítà ń darí fi nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó tún jẹ́ ìyàlẹ́nu ni pé nínú bí ọsibítù 6,500 tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, 235 péré ni dókítà jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn.

Àmọ́ Goodall fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi èyí sọ pé dókítà ló mú kí ọsibítù dára. Ó lè jẹ́ pé ọsibítù tó ti dára tẹ́lẹ̀ ló lágbára láti fa dókítà tó mọ̀ọ̀yàn darí mọ́ra. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ilé tó rẹwà jù ládùúgbò ló ní ajá, ìyẹn kò sọ pé ajá ló kọ́ ilé. Àlàyé tí òun rò pé ó ṣeé ṣe ni pé ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí mọ ohun tó ń dun òṣìṣẹ́, ó mọ ẹni tó mọṣẹ́ lóòótọ́ nígbà tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń wọ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ létí.

Oníbàárà tó lọ síbòmíràn

Àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni Cleveland Clinic ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Dókítà mẹ́rin ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1921, láti ìgbà náà sì ni dókítà ti ń ṣe olórí ibẹ̀. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún àwọn dókítà wọn, kì í ṣe iye aláìsàn tí wọ́n bá là. Àdéhùn iṣẹ́ wọn jẹ́ ọdún kan kan, ọdọọdún sì ni wọ́n ń jókòó wo iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 2004, wọ́n fi Toby Cosgrove jẹ ọ̀gá àgbà. Oníṣẹ́ abẹ ọkàn ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dá a lójú. Ní ọdún 2006, ó lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ okòwò Yunifásítì Harvard. Ọmọbìnrin kan dìde láàárín wọn, ó ní bàbá òun nílò iṣẹ́ abẹ ọkàn, àwọn sì mọ̀ pé iṣẹ́ Cleveland Clinic dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò lọ síbẹ̀, nítorí àwọn gbọ́ pé wọn kì í káàánú èèyàn. Ọsibítù mìíràn tí kò tó tiwọn ni àwọn gbé bàbá àwọn lọ. Ó wá bi Cosgrove bóyá wọ́n ń kọ́ dókítà wọn bí a ṣe ń bá aláìsàn kẹ́dùn. Cosgrove kò rí èsì gidi kan fọ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Oníbàárà mọ̀ pé iṣẹ́ dára, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó gbé owó náà lọ síbòmíràn nítorí ìwà. Mélòó nínú wa ló ń pàdánù oníbàárà báyìí lójoojúmọ́ tí a kò tilẹ̀ mọ̀, nítorí pé àwọn yẹn kò ní àǹfààní láti dìde bi wá léèrè?

Ní ọdún 2007, Cleveland Clinic yan ọ̀gá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa mójú tó bí nǹkan ṣe ń rí lára aláìsàn. Nígbà tó ṣe, wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́, tí wọ́n lé ní 40,000, jókòó ní mẹ́jọ mẹ́jọ, mẹ́wàá mẹ́wàá, láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Dókítà jókòó ti agbálẹ̀, nọ́ọ̀sì jókòó ti ẹni tó ń gbowó, nítorí pé aláìsàn kì í ya ìwà ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé mímọ iṣẹ́ nìkan kò tó Cosgrove. Ó ní láti lọ kọ́ ohun tí iṣẹ́ abẹ kò kọ́ ọ.

Nígbà tí ìwé owó bá gba iwájú

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ní ìlú Stafford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń darí ọsibítù ibẹ̀ fẹ́ kí ìjọba gbé wọn sí ipò àwọn ilé-ìwòsàn tó ń dá ṣàkóso owó ara wọn. Kí wọ́n tó lè rí i gbà, ìwé owó wọn gbọ́dọ̀ mọ́. Ní ọdún ìṣúná 2006 sí 2007, wọ́n pinnu láti gé mílíọ̀nù £10 kúrò nínú ìnáwó wọn. Iye òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n gé. Ní oṣù kejì ọdún 2008, wọ́n rí ipò náà gbà.

Lórí ìwé, wọ́n yege. Nínú wọ́ọ̀dù, nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn aláìsàn wà lórí ibùsùn ẹlẹ́gbin láìsí ẹni tó máa yí wọn padà. Ẹlòmíràn kò rí omi mu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa fún un lóúnjẹ. Àwọn ẹbí ń kó aṣọ ibùsùn lọ sílé láti lọ fọ̀. Àwọn ẹbí yìí náà ló pariwo títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Agbẹjọ́rò kan, Robert Francis, ló darí rẹ̀, oṣù kejì ọdún 2013 ni àbọ̀ ńlá rẹ̀ sì jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá tẹjú mọ́ owó àti àfojúsùn ìjọba débi tí wọ́n gbàgbé ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọsibítù. Kò yọ àwọn dókítà náà sílẹ̀: wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n rí ohun tó ń lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe pé akáǹtáǹtì burú tí dókítà sì dára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Stafford lè ṣẹlẹ̀ sí ilé búrẹ́dì tó dín ìyẹ̀fun kù kí èrè lè pọ̀ lórí ìwé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èrè yóò gòkè. Lẹ́yìn ìyẹn, oníbàárà yóò ti mọ̀.

Ìdarí iṣẹ́ ṣeé kọ́

Àwọn olùwádìí mẹ́rin, Nicholas Bloom, Renata Lemos, Raffaella Sadun àti John Van Reenen, gbé èyí síwájú sí i nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní ọdún 2020. Wọ́n wo ọsibítù tó tó nǹkan bí 2,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, lára wọn ni Amẹ́ríkà, Jámánì, Íńdíà àti Brazil. Wọ́n pe àwọn alábòójútó lórí fóònù, wọ́n bi wọ́n nípa ọ̀nà ìdarí 20, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5.

Ìbéèrè wọn kò le rárá. Kí ni àfojúsùn yín, ta ló sì mọ̀ ọ́n? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti fẹ́ yíwọ́? Kí lẹ máa ń ṣe fún òṣìṣẹ́ tó ṣe dáadáa, kí sì ni ẹ máa ń ṣe fún èyí tí kò ṣe dáadáa? Àwọn ọsibítù tí máàkì wọn ga níbi ìbéèrè wọ̀nyí náà ni ẹ̀mí aláìsàn tí àrùn ọkàn kọlù lójijì ti ń là jù. Wọ́n tún rí i pé ọsibítù tó bá sún mọ́ yunifásítì tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ okòwò pọ̀ máa ń ṣe dáadáa ju èyí tó jìnnà sí i lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìmọ̀ méjèèjì ló ní ibi tó ń dé.

Ọsibítù Virginia Mason ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà jẹ́ ká rí bí kíkọ́ yìí ṣe máa ń rí. Ní ọdún 1998 àti 1999, gbèsè ni iṣẹ́ wọn ń mú wá. Ní ọdún 2000, wọ́n fi dókítà kan, Gary Kaplan, ṣe olórí. Ní ọdún 2002, Kaplan kó àwọn ọ̀gá ọsibítù náà lọ sí ilẹ̀ Japan, kì í ṣe láti lọ wo ọsibítù, bí kò ṣe láti lọ wo bí Toyota ṣe ń ṣe mọ́tò. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé bí òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ bá rí àṣìṣe, ó ní àṣẹ láti dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Wọ́n gbé àṣà náà wálé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá rí ohun tó lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá ké gbàjarè, kí ọ̀gá sì wá lójú ẹsẹ̀.

Àṣà náà kò mú àṣìṣe kúrò pátápátá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, wọ́n gún obìnrin kan lábẹ́rẹ́ oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára awọ, dípò omi àwọ̀ tó yẹ kí wọ́n lò fún àyẹ̀wò rẹ̀. Abọ́ tí wọ́n da nǹkan wọ̀nyí sí jọra wọn, kò sì sí orúkọ lára wọn. Obìnrin náà kú. Ọsibítù náà kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ló ṣe é, wọ́n sì fi ààbò aláìsàn ṣe àfojúsùn wọn àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní kẹ́míìsì tàbí ilé-ìwòsàn kékeré, ẹ lọ wo ìgò tó wà lórí pẹpẹ yín lónìí, bóyá orúkọ wà lára gbogbo wọn.

Pípààrọ̀ ọ̀gá kì í ṣe oògùn

Bí iṣẹ́ kò bá lọ dáadáa, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni ká lé ọ̀gá lọ ká gba òmíràn. Ní ọdún 2019, Katharina Janke, Carol Propper àti Raffaella Sadun gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀gá àgbà ọsibítù ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe ń kúrò ní ọsibítù kan bọ́ sí òmíràn. Owó oṣù àwọn kan máa ń ga níbikíbi tí wọ́n bá lọ, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kò rí ẹ̀rí gidi kan pé ọsibítù tí wọ́n bá dé máa ń yí padà sí rere nítorí tiwọn. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọsibítù ńlá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ àti àṣà tó ti pẹ́. Ọ̀gá tó dé lánàá kò lè fi ẹnu lásán tún un ṣe.

Àkókò náà tún ń kọ́? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwòsàn, American College of Healthcare Executives, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, máa ń ka iye ọ̀gá àgbà tó ń fi ipò sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọdún 2013, ìdá 20 nínú 100 ló lọ, èyí tó ga jù lọ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyẹn ni pé nínú ọsibítù márùn-ún, ọ̀kan pààrọ̀ ọ̀gá lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ yìí kan náà máa ń bi àwọn ọ̀gá pé kí ló ń dà wọ́n láàmù jù. Láti ọdún 2004 títí dé 2020, owó ni wọ́n máa ń fi ṣáájú. Ní ọdún 2021, àìtó òṣìṣẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ owó. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa níbí, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wa ti ń jápa lọ bá àwọn ọsibítù òkè òkun kan náà.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ọsibítù ló kàwé lórí ìdarí ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀. Yunifásítì Chicago ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1934. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn la gbà. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1985 fún àwọn ilé-ìwòsàn yunifásítì sọ pé dókítà ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera yòókù, tí wọ́n para pọ̀ sábẹ́ JOHESU, ti ń bá àwọn dókítà fà á tipẹ́ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ìwádìí òkè yìí wò ó, ìjà náà fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìbi í: ẹni tí a bá fi síbẹ̀, yálà dókítà ni tàbí òun kọ́, ṣé ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn àti owó?

A ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, gba ìdarí ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ Àrò ní ọdún 1954. Kò fi dandan lé e pé inú ọgbà ọsibítù ni gbogbo aláìsàn gbọ́dọ̀ sùn. Ó ṣètò kí àwọn aláìsàn àti ẹbí tó tẹ̀ lé wọn máa gbé nílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Àwọn onílé ń gba owó yàrá, aláìsàn ń gbé láàárín èèyàn, ìjọba kò sì ní láti kọ́ wọ́ọ̀dù fún gbogbo wọn. Ìmọ̀ ìṣègùn wà nínú rẹ̀, ìṣirò owó náà wà níbẹ̀. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968. Láti ọdún 1973 sí 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé.

Kí ni oníṣòwò lè mú lọ sílé?

Bí ẹ bá fẹ́ yan ẹni tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wo inú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti ránṣọ rí kò ní jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fi irọ́ tàn án lórí iye ọjọ́ tí aṣọ kan máa gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ fi oṣù díẹ̀ kọ́ ọ ní ìwé owó: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, gbèsè tó wà níta. Bó bá jẹ́ ẹni tó mọ owó ni ẹ rí, ẹ fi í sẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀, kó mọ bí ọwọ́ ṣe ń rí kó tó máa pàṣẹ fún ọlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ tó kéré jù lọ ní ẹnu láti sọ pé nǹkan ń bàjẹ́, kí ẹ má sì fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó sọ ọ́. Ẹ máa bi oníbàárà tí kò wá mọ́ pé kí ló dé. Bí ẹ bá sì ti yan ẹni náà tán, ẹ kọ àfojúsùn ọdún kan sílẹ̀ fún un, kí ẹ máa jókòó wò ó pẹ̀lú rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì fún un láàyè. Oṣù mẹ́ta kò tó láti mọ̀ bóyá máníjà dára. Ó tó láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ràn.